Imú Ọmọdé àti Ọbẹ̀ Ìyá Àgbà

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Sakété, tí mo rò pé kò sóhun tí n ò mọ̀ láyé. Tàtá ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pe olùkọ́ wọn obìnrin. Mo kọ́ wọn pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí, kí ojú kọ́kọ́ wò ó, kí etí gbọ́ ọ, kí ọwọ́ kàn án, kí imú gbóòórùn rẹ̀. Ahọ́n ló máa kẹ́yìn, ohun tí imú bá sì kọ̀, ahọ́n ò gbọdọ̀ débẹ̀. Epo, àlùbọ́sà, ẹ̀gẹ́ tó ti kan, kí la ò gbé wọ kíláàsì! Ibẹ̀ ń rùn bí ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Ilé tí àwọn ọmọ náà ń padà sí ni n ò rò. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbóòórùn oúnjẹ kó tó jẹ ẹ́, ó ti bú ẹni tó sè é nìyẹn. Mo kúkú mọ̀; ìyá mi ti gbá mi létí rí nítorí rẹ̀. Àmọ́ ìwé tí mo kà ti jẹ́ kí n gbàgbé.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá alábẹ̀wò wá láti Pọ́bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ tú. Ọwọ́ ọ̀gá yìí ni iṣẹ́ mi wà. Bó bá ní mo mọ̀ ọ́n kọ́, wọ́n á gbà mí pátápátá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí gàrí yíyan ìyá mi ní Yoko ni mò ń padà sí. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni ìyá àgbà kan wọlé, ó fọwọ́ kan fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó fi èkejì gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

"Tàtá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé imú ni mo ní kí ẹ kọ́ ọmọ mi? Ó gbóòórùn ọbẹ̀ mi láàárọ̀ yìí, ó lóun ò jẹ! Èmi tí mo ti ń sebẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá yín!"

Orúnkún mi ti délẹ̀ kí ẹnu mi tó là. Mò ń bẹ ìyá, mò ń wo ojú ọ̀gá. Ọ̀gá ò wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi ọmọ náà pé, "Kí lo rí, ọmọ mi?"

Ọmọ yẹn ò bẹ̀rù ẹnì kankan. "Ojú mi rí i, ó ti ru, ó funfun lókè. Etí mi gbọ́ ọ, ó ń ṣe ṣìì-ṣìì, iná ò sì sí lábẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń fà. Imú mi ní ó ti kan. N ò tọ́ ọ wò."

Ìyá àgbà wo ọ̀gá, ọ̀gá wo òkè àjà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé lòun náà, kò jẹ́ na imú sí ọbẹ̀ arúgbó láé. Ni ìyá bá ṣí ìkòkò, ó tẹ imú rẹ̀ sí i fúnra rẹ̀, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ojú rẹ̀ kó jọ.

"Yéè! Ooru àná mà ni o," ló wí, ó sì yáa bo ìkòkò.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kó tó kúrò, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ náà ti di tèmi.

Èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ fún ọmọ mi, ó na imú sí i. Ọwọ́ mi ti lọ sókè kí n tó rántí ìyá àgbà yẹn, tó gbé ìtìjú rẹ̀ mì lójú gbogbo wa, tí kò sì lu ọmọ náà. Mo ṣì máa ń rò pé òun gan-an ló kọ́ kíláàsì lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Kí ni imú rẹ wí?"

"Ó ní iyọ̀ ò tó, màmá."

Iyọ̀ kì í kúkú rùn. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, mo wo ìka rẹ̀: epo ọbẹ̀ ti wà níbẹ̀.