Sájẹ́ǹtì Tó Ń Dirun

Lánàá, bí mo ṣe ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan kọjá l'Ágbojú, òórùn àdí àgbọn ta sí mi nímú. Awọ orí mi ló kọ́kọ́ rántí bàbá mi, kí ọkàn mi tó rántí wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni bàbá mi fi ṣe iṣẹ́ sójà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n wá jókòó tì wá nílé wa ní Festac. Sájẹ́ǹtì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ìyá mi lọ sí Ìbàdàn lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi tó bímọ, ló bá ku èmi àti bàbá mi. Oúnjẹ kọ́ ni wàhálà, Sájẹ́ǹtì mọ ẹ̀wà sè. Irun ni wàhálà. Ní ilé-ìwé wa, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní irun tirẹ̀, ọmọbìnrin tí kò bá sì dì í, àlùmọ́gàjí tíṣà ń dúró dè é láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Irun pàtẹ́wọ́ ló kàn lọ́sẹ̀ kan. Bàbá mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó sí bálíkónì ní odidi ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n ń wo ìyá kan tó ń dirun ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì ń yà á sínú ìwé bí ẹni ń ya ibùdó ọ̀tá. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n fi mí sáàárín orúnkún, wọ́n fi àdí àgbọn pa mí lórí, wọ́n fi rúlà mi la irun mi. "Má mira." Bí mo bá mira, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Irun náà gún régé, ó sì le débi pé ojú mi ò pa dé dáadáa títí di Mọ́ńdè.

Tíṣà wa yí mi po lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ló di èyí?"

Ta ni yóò sọ níwájú kíláàsì pé sójà onírunmú ló di irun òun? "Àǹtí mi ni, mà."

Mo yíjú, mo rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ oúnjẹ tí mo gbàgbé sílé wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e fún tíṣà, wọ́n sì lọ. Ó dùn mí ju ẹgba lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá ọmọ kíláàsì mi kan mú ọmọ rẹ̀ wá láti Alákijà, ó ń wá Àǹtí. Bàbá mi wò mí, wọ́n wo obìnrin náà. "Àǹtí ò sí nílé, ìyàwó. Ẹ padà wá nígbà mìíràn."

Ọkùnrin tí kì í purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ lójú ogun ń purọ́ nítorí tèmi. Omi bọ́ lójú mi. "Kò sí àǹtí kankan, mà. Bàbá mi ló ń dirun mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tó rín in tán, ó ti ọmọ rẹ̀ síwájú. "Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi di ti èyí náà."

Nígbà tí ìyá mi fi máa dé, ọmọ mẹ́rin ló tò sórí ìlà ní pálọ̀ wa, kò sí èyí tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá mi gbé báàgì ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Bàbá Ṣadé, ṣé kí n kúkú padà sí Ìbàdàn ni?"

Lóde òní, sálúùnù ni àwọn ọmọ Festac ń lọ, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, orí kì í dun ẹnikẹ́ni. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣì lè sẹ́ bàbá rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Mo ṣe é rí, ìtìjú rẹ̀ ò tíì tán lára mi. Ohun tó ń tù mí nínú ni pé mo tètè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé láti gbọ́.