Ọpẹ́ Ìyá Mi Nínú Ilé Olódi Etí Òkun

Ọdún méje ni mo fi retí ọmọ. Nígbà tí Olúwa dáhùn, ìyá mi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ilé Ọlọ́run tí òun bá kọ́kọ́ wọ̀ lẹ́yìn odi Nàìjíríà ni òun yóò ti kúnlẹ̀ dúpẹ́. A rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà ní Ìbafò, tí ìrìn àjò rẹ̀ kì í kọjá Ìfọ̀!

Lọ́dún kejì, àwọn ìyá ìjọ wa ní Mowe háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Gánà. Mo pọn ọmọ mi, èmi àti ìyá mi bá wọn lọ. Oorun ń gbé mi lọ, ó ń dá mi padà. Ìgbàkígbà tí mo bá lajú, òkun ni mo ń rí láàárín igi àgbọn, bí ẹni pé òun náà ń bá wa rìnrìn àjò.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n mú wa lọ wo ilé olódi kan ní ìlú Ẹlimínà létí òkun. Ó funfun, ó ga, kùrukùru sì bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ débi pé ó jọ pé kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ọkùnrin tó ń mú wa yí ká gbọ́ Yorùbá, torí Èkó ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ní àwọn Potogí ló kọ́ ọ, ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ wá rà. Nígbà tó yá, ènìyàn ni wọ́n ń rà. Àwọn ará Họ́láńdì gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì níkẹyìn.

Ó mú wa wọ yàrá kan lókè, ó ní ibẹ̀ ni àwọn ará Họ́láńdì ti ń jọ́sìn. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìyá mi ti bọ́ bàtà. Aláṣọ funfun ni wá. A kì í wọ bàtà nínú ilé Ọlọ́run.

"Màmá, ẹ má gbàgbé bàtà yẹn síbí o," ni ìyá ìjọ kan wí. "Àwọn ará Gánà á wọ̀ ọ́ lọ!"

"Jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́. Ọpẹ́ ni mo bá wá."

Ó kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀, ó ké halelúyà méje. Atẹ́gùn òkun gba ojú fèrèsé wọlé, ara mi fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Ọkùnrin náà dúró títí ìyá mi fi dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nísàlẹ̀ yìí ni wọ́n ń ti àwọn obìnrin tí wọ́n rà mọ́ kí ọkọ̀ tó dé."

"Nígbà tí wọ́n ń kọrin ìsìn lókè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ojú ìyá mi yí padà. Ó kọjú sí mi. "Kí ni mo ṣe yìí? Ṣé Ọlọ́run á gba ọpẹ́ tí mo ṣe lórí wọn?"



Ó ní kí wọ́n mú òun sọ̀kalẹ̀. Yàrá náà ṣókùnkùn, ó tutù. Ìyá mi kì í wọlé onílé láìkí wọn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú àmúmọ́ra o, ẹ̀yin ìyá mi. N kò mọ̀ pé ẹ wà níbí."

Ohùn rẹ̀ yí ògiri ká, ó padà wá wẹ́wẹ́. Ó tẹ́tí, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sẹ́yìn fún ọmọ. Ẹ̀rù bà mí. Ta ni í gbé ọmọ ọwọ́ wọ irú ibẹ̀? Ṣùgbọ́n mo tú ọ̀já, mo gbé e fún un.

Ó gbé ọmọ náà sókè díẹ̀ nínú òkùnkùn.

"Ọmọ tí Olúwa fún wa rèé," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúpẹ́."

Ibẹ̀ ni mo gbà pé ó ti san ẹ̀jẹ́ rẹ̀.