Ẹni Tí A Jọ Gbé Yàrá Kan ní Àgọ́-Ìwòyè

Ní àràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí Màmá onílé wa tó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, á fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Màá sáré dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, màá dá a lóhùn pé, "Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi." Á rẹ́rìn-ín, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ó ń fi "ẹ" kí mi, èmi tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ fi ọdún púpọ̀ jù lọ. Ará Èkìtì ni mí. Mo ní bóyá bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń bọ̀wọ̀ fún tíṣà nìyẹn.

Ohun kejì tó ń yà mí lẹ́nu ni owó yàrá náà. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àgọ́-Ìwòyè, mo wá ilé títí ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Ibi tó bá ṣófo, ajẹ́ǹtì ti jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹran lórí iná, owó tó sì ń pè kọjá ohun tí tíṣà lè gbọ́ kó má mí kanlẹ̀. Àfi ilé Màmá yìí, ilé ilẹ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí sọ títì. Yàrá iwájú rẹ̀ fẹ̀, ó ní fèrèsé méjì, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àwọn yòókù. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá béèrè ìdí. Èmi yára sanwó kí Màmá tó yí ọkàn padà.

Ṣùgbọ́n inú mi kì í gba ọ̀rọ̀ sí láìtú u wò. Lọ́jọ́ kan tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà kí n lè gbálẹ̀ dáadáa, mo rí i pé sìmẹ́ǹtì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi yàtọ̀ sí ti ibi yòókù. Ó dúdú díẹ̀, ó sì dà bíi pé wọ́n gé nǹkan kan kúrò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ tẹ́jú. Mo dúró tì í, mo ń rò ó. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí Màmá ṣe kí mi báyìí, mo ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Kí ló dé tí ẹ fi ń kí mi bí ẹni ń kí àgbà?"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó fi èdè Ìjẹ̀bú dá mi lóhùn. "Tíṣà, mé è kí wẹ o. Ọkọ mi ni mò ń kí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wẹ ni ó wà."

Màá parọ́ tí mo bá ní ẹ̀rù kò bà mí. Mo kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, mo lọ bá tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan sùn. Nílé tiwa náà, a máa ń sin àgbà sínú ilé, ìyẹn kì í ṣe tuntun sí mi. Tuntun ibẹ̀ ni pé wọ́n lè sin ín tán, kí wọ́n tún wá gbé ayálégbé lé e lórí. Bí mo ṣe ń sá náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń fà mí padà. Ta ni ọkùnrin náà? Báwo ló ṣe dé ibẹ̀? Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí mo fi padà wá jókòó ti Màmá ní ẹ̀yìnkùlé, mo ní kó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.

Ó ní ọkọ òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà, yàrá iwájú yẹn ló ń sùn, ibẹ̀ ló sì ní kí wọ́n sin òun sí. Wọ́n sin ín, wọ́n mọ sìmẹ́ǹtì sókè lé e lórí, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà tó ń gbé Èkó wò ó pé akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ilé bí ẹni ń wá omi, yàrá ńlá sì wà ní títì pa. Ó ní kí bíríkìlà gé orí sàréè náà kúrò, kó rẹ́ ilẹ̀ tẹ́jú, kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá wọn ṣe pòórá sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ, ìdí nìyẹn tí owó yàrá náà fi wálẹ̀.

"Èmi ńkọ́?" Màmá ní. "Ibi tí wẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù sí, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì ẹ̀, tèmi nìyẹn. Ó fi í sílẹ̀ fún mi. Má kó ẹrù wúwo síbẹ̀ o." Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Mo sún kọ́bọ́ọ̀dù mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Báyìí ni mo ṣe di ará yàrá bàbá náà, ó sì tó ọdún díẹ̀. Kí n má tan yín, n kò tíì ní ẹni tí a jọ gbé tó dára tó o rí. Kì í yá nǹkan, kì í gbé rédíò sókè. Nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi náà á ní, "Bàbá, ẹ kú ilé." Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan wá ka yàrá láti gba owó orí ilé. Màmá ní kó yọ yàrá iwájú kúrò nínú ìṣirò. Ọkùnrin náà ní ó rí ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ó nàka sí mi. Màmá ní àlejò lèmi, ọkọ òun ló ni yàrá. "Oghó kí lo máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Éè tan iná, éè pọn omi." Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wo ojú mi, ó kọ nǹkan kan sílẹ̀ kíákíá, ó sì jáde. Di òní, n kò mọ ohun tó kọ.

Ìlú ń yí padà lójú wa. Ẹni tó ní pálọ̀ ń gé e sí méjì, ẹni tó ní ọgbà ẹ̀fọ́ ń gbé yàrá sórí rẹ̀. Mo máa ń dúró lójú ọ̀nà, màá máa wo ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́, màá béèrè lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà pé yàrá mélòó, ta ni yóò gbé e. Wọ́n ti mọ̀ mí sí tíṣà oníbéèrè. Nígbà tó yá, ọmọ Màmá dé láti Èkó pẹ̀lú plánì ilé alájà mẹ́ta. Kì í ṣe ènìyànkénìyàn, ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ gan-an. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó ní, "Màmá, ilẹ̀ tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí yìí, ogójì lè sùn síbẹ̀. Ẹ̀yin náà á ní yàrá nísàlẹ̀, pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ tiyín." Màmá kò wo ilé ìwẹ̀. Ó béèrè ibi tí bàbá wọn wà nínú ìwé náà.

Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn tó ń bojú tó ètò ìlú sọ pé ilé àtijọ́ ti sún mọ́ títì jù. Ilé tuntun gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn, kí iwájú wà lófìfo, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́ nǹkan sórí òfìfo náà. Yàrá bàbá yóò wá bọ́ sí ibi òfìfo yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Òfin tó ní kí ilé wó náà ló tún ní kí wọ́n má fọwọ́ kan sàréè. Inú Màmá náà dùn, ó fọwọ́ sí i, ó lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìlú Òrù títí wọn yóò fi kọ́ ilé tán. Èmi kó lọ sí Awà, ìlú kan nítòsí. Tí ilé tuntun bá parí, agbára mi kò lè ká owó rẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí. Kò sí ẹni tí mo lè bá jà.

Kò tó ọdún kan tí ọmọ Màmá fi pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá, wọn kò rí bàbá wọn mọ́.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ilé alájà mẹ́ta ti dúró, ó ku kíkùn. Iwájú rẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Katapílà tó wó ilé àtijọ́ ti ha gbogbo ilẹ̀, ó sì tún da yẹ̀pẹ̀ pupa lé e. Kò sí ògiri, kò sí ẹnu ọ̀nà, kò sí orúkọ kankan lórí sìmẹ́ǹtì, nítorí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn gé e kúrò látijọ́ nítorí ayálégbé. Wọ́n ti kó búlọ́ọ̀kù pẹlẹbẹ jọ, tí wọn yóò fi bo gbogbo iwájú kí ọkọ̀ lè máa dúró síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti bò ó, ó parí nìyẹn. Màmá dúró láàárín ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó tọ́ka síbí, ó tọ́ka sọ́hùn-ún, ọmọ rẹ̀ tọ́ka síbòmíràn. Ojú Màmá pọ́n. "Tíṣà," ó ní, "wẹ ló sùn lé e lórí. Mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀."

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn ju ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé òkú wà lábẹ́ mi lọ. Mo rìn síwá, mo rìn sẹ́yìn, n kò mọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi kò rántí. Ìgbà yẹn ni mo wá rò ó pé èmi kò fi ẹsẹ̀ mọ yàrá yẹn, orí ìrọ̀rí ni mo ti mọ̀ ọ́n. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ ní àárọ̀, ohun tí ojú mi máa ń rí láti ojú fèrèsé ni àgbélébùú orí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tó yọ díẹ̀ lókè òrùlé ilé òdìkejì títì, bí ẹni pé ẹni tó ni ilé náà ló gbé e síbẹ̀. Ilé agogo ṣì wà. Ilé òdìkejì náà ṣì wà.

Mo ní kí àwọn bíríkìlà to búlọ́ọ̀kù díẹ̀, kí wọ́n gbé pákó lé e kó ga tó bẹ́ẹ̀dì. Mo bọ́ bàtà, mo sùn sórí pákó náà nínú oòrùn, èmi tíṣà, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá béèrè yàrá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n sún mi sẹ́yìn, nítorí òrùlé bo àgbélébùú. Wọ́n sún mi, ilé agogo fúnra rẹ̀ yọ, ó ti pọ̀ jù. A sún un wá, a sún un lọ, títí àgbélébùú nìkan fi jókòó sórí òrùlé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ẹ gbẹ́ ẹ níbí." Bíríkìlà fi dígà gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ pupa lọ, yẹ̀pẹ̀ dúdú yọ, lẹ́yìn náà dígà dún lórí sìmẹ́ǹtì.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Màmá kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Nígbà tó dìde, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó fi ọ̀pá fa ìlà sílẹ̀. "Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù kan ibí o."

Bíríkìlà náà rọra sọ fún un pé, "Mà, òfin ní a kò gbọ́dọ̀ kọ́ nǹkan kan síwájú yìí."

"Ta ló bá wẹ sọ ti kíkọ́?" Màmá ní. "Mé è fẹ́ kọ́ nǹkankan. Mo fẹ́ sùn síbẹ̀ ni."

Ọmọ rẹ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá fà á lọ́wọ́, ó mú un dúró sáàárín ìlà náà, ó ní òun àti ọmọ òun jọ ga bákan náà, kí bíríkìlà fi gíga rẹ̀ wọn àyè òun. Ọkùnrin náà, ọmọ Èkó, onílé alájà mẹ́ta, dúró síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó dúró. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, kò sì sún kúrò lórí ibojì ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi gbá èèkàn igi mọ́lẹ̀ yí i ká.