Àga Onítáyà Alhaja

Títí ayé ni n óò máa rántí Àlàmísì tí àga onítáyà tí Alhaja, aládùúgbò mi ní Ìpàta, fi ń rìn kán. Iṣẹ́ jórin-jórin ni mo ń ṣe; géètì irin ni mo ti ń jó láti àárọ̀, ó sì ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu kí wọ́n tó gbé Alhaja àti àga náà dé ṣọ́ọ̀bù mi.

Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe àga náà, nítorí náà mo fi wáyà alumíníọ̀mù sí máṣíìnì, ṣùgbọ́n n kò dín iná tí mo fi ń jó irin kù. Mò ń retí kí ojú ibi tó kán pọ́n bí irin. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Ó kàn yọ́ lójijì, ó sì dá ihò sí àga náà lára.

“Ẹsẹ̀ mi lo ń bà jẹ́ yẹn o!” Alhaja figbe ta láti orí bẹ́ǹṣì, ó nawọ́ sí àga náà.

Mo yí máṣíìnì sí pọ́ọ̀sì, níbi tí iná ti ń pọ̀, tí ó sì ń dín bí èémí, mo sì rọra dí ihò náà.

Alhaja jókòó sórí àga. Àga náà kò mì. Èmi tí iṣẹ́ ti rẹ̀ ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, n kò lè dìde.

Ó wò mí, ó ní, “Àbí kí n sọ̀kalẹ̀ fún ọ?”