Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, síbẹ̀ "ẹ" ló máa ń sọ sí mi, torí pé ó bá mi nílé. Ìbàdíàrán ló ń pè mí. Ọmọ Ìkòròdú ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ ẹ wá sí Ẹ̀pẹ́, ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú òmìnira.

Ọmọ mẹ́ta ló bí, kò sí èyí tó lo oṣù mẹ́rin láyé. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé ìyàwó náà ló ń jẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyàwó náà sá lọ bá bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá náà fúnra rẹ̀ mú un padà wá, ó ní, "Ọmọ tèmi kì í kọ ilé ọkọ." Kò pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ ìyàwó kejì lórúkọ, bí àwọn àlùfáà ti ṣàdúà tán, ìyálé na ọwọ́ pé kí n gbé ọmọ fún òun. Mo fa ọmọ sẹ́yìn.

"Èyí kọ́ lo máa jẹ."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ká ọwọ́ kò, ó jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn apẹja gbé e wálé láti ọ̀sà. Ó ṣì ń mí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá, kò ṣubú o. Ó ń bẹ̀ wá pé ká fi òun sílẹ̀."

Ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló rí wọn lọ́nà. Ó ní kí n lọ sọ fáwọn ará àdúgbò pé ẹsẹ̀ ló yọ̀ níbi tó ti ń fọ abọ́. Mo ń yà láti ilé dé ilé. Mo tilẹ̀ fi kún un pé òòyì ló kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń dùn ún.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló wá láti Ìkòròdú. Kò tilẹ̀ jókòó. "Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ nígbà tó ṣì wà láàyè." Ó sì mú un lọ.

Ìkòròdú ni èmi náà padà wá lọ́kọ sí. Èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pàdé lọ́jà lọ́jọ́ kan. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi. Ó yẹ kó jẹ́ èmi ni mo kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò fẹ́ kó béèrè ohun tó fà á. Mo ní ara wọn le, mo sì kọjá lọ.

Mo mọ ilé tó ń gbé ní àdúgbò Lásunwọ̀n. N kò débẹ̀ rí.