Gílóòbù Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Mo Yọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín kí n má baà gbé e wọ sàréè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí ló dé tó jẹ́ pé èmi tí mò ń sáré pa gbogbo iná ilé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ti ọ̀dẹ̀dẹ̀? Mo ní kó fi mí sílẹ̀. N kò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí owó wọ́n bí ojú. Mò ń kọ́ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀yọ́, mo sì ń gbé ilé bàbá bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀: èmi, Bàbá Kọ́lá, télọ̀ kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tó háyà yàrá iwájú, àti Màmá Ìrẹsà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin.

Ìrẹsà ni Màmá ti lọ́kọ, ìdí nìyẹn tá a fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n padà sílé bàbá wọn, wọ́n sì búra pé ibẹ̀ làwọn máa kú sí. Bọ́lá, ọmọ wọn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ọjọ́ tí ara wọn ò bá gbé e mọ́, òun máa wá kó wọn lọ. Màmá á ní ọjọ́ náà ò ní í dé láéláé.

Ilé alámọ̀ àtijọ́ nilé wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, kò ní fèrèsé kankan, ọ̀sán gangan ló ń ṣókùnkùn. Gílóòbù kan ló wà láàárín rẹ̀. Yàrá Màmá ò ní tiẹ̀, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ló ń tan ìmọ́lẹ̀ wọlé bá wọn. Wọ́n á tan án láàárọ̀, wọ́n á jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa ran òwú títí di ìrọ̀lẹ́. Òwú tí èèyàn lè ran níta nínú oòrùn ọ̀fẹ́! Inú ń bí mi gan-an ni.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí, n kì í fi nǹkan ṣòfò. Lọ́jọ́ kan, bíìlì iná dé, Bàbá Kọ́lá kà á, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo gba àkóso iná ilé. Mo ní ká yéé fi iná se omi ìwẹ̀. Ọjọ́ Sátidé nìkan la ó máa lọ aṣọ, ti gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sítóòfù oníná mi, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ra eléèédú. Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́ o! Bíìlì wálẹ̀ débi pé Bàbá Kọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀gá Iná. Orí mi wú.

Ó wá ku gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bá Màmá sọ ọ́. Wọ́n ní, "Àkàndé, jọ̀ọ́, fi èyí sílẹ̀ fún mi." Mo ní kí ni wọ́n ń fi iná ṣe lọ́sàn-án? Wọ́n kàn ń ran òwú wọn lọ. Mo gbà pé àgídí àgbàlagbà ni.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, kí n tó lọ sílé ìwé, mo gun àga, mo yọ gílóòbù náà, mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo sì fi í sínú àpótí mi. Kò pẹ́ tí Màmá jáde, wọ́n tẹ súwíìṣì. Tá! Wọ́n tún un tẹ̀. Tá! "Àkàndé, ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?"

Kí lẹ rò pé mo sọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti mú un lọ.

Ta ló máa ja irú irọ́ bẹ́ẹ̀ níyàn láyé ìgbà yẹn? Iná lè lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè ìdí. Rédíò mi ń sọ̀rọ̀, Màmá rò pé bátìrì ni. Mo bẹ Bàbá Kọ́lá kó má tú àṣírí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irọ́ ọ̀hún ò kúkú jìnnà sóòótọ́.

Àràárọ̀ ni mo ń gbọ́ súwíìṣì yẹn. Tá. Wọ́n á dúró díẹ̀. Tá. "Ṣé iná ti dé?" "Kò tíì dé, Màmá." Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ń fọwọ́ ra ògiri rìn. Mo ní orúnkún ló ń dùn wọ́n. Wọ́n gbé òwú jáde sínú oòrùn, wọ́n fọwọ́ bojú, wọ́n tún gbé e wọlé. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí, inú mi sì ń dùn pé wọ́n máa tó gba kámú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Furaidé, Màmá ti àdúrà dé. Ìjọ aládùúrà ni wọ́n ń lọ, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Mo wà nínú yàrá, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo gbọ́ súwíìṣì. Tá. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ gbì!

Màmá mọ gbogbo kòtò àti gegele ilé bàbá wọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò mọ̀: sítóòfù eléèédú mi, tí mo gbé wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nítorí òjò. Ọlọ́run ṣeun, èédú inú rẹ̀ ti kú. Màmá di itan mú nílẹ̀. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "Àkàndé, má sọ fún Bọ́lá."

Kí ni kí n má sọ? Wọ́n ní ojú àwọn. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń ṣókùnkùn. Oòrùn ń ta á, abẹ́ gílóòbù yẹn nìkan ni wọ́n ti ń rí òwú ọwọ́ wọn. Bí Bọ́lá bá gbọ́, ó máa kó wọn kúrò nílé bàbá wọn.

Egungun itan ti ṣẹ́, a ò lè ṣe é ká má pe Bọ́lá. Ó wá gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bá a ṣe ń gbé wọn kọjá lọ sínú mọ́tò, Màmá na ọwọ́, wọ́n fi pa ògiri ilé náà lára. Wọn ò padà débẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí mo lọ wò wọ́n gbẹ̀yìn ní ọsibítù náà, oòrùn ọ̀sán ti fèrèsé wọlé, ó bo gbogbo ojú wọn, síbẹ̀ wọn ò ṣẹ́jú. Wọ́n dá ìró ẹsẹ̀ mi mọ̀. Mo ti pinnu pé mo máa jẹ́wọ́, gílóòbù náà wà nínú báàgì mi. Kí n tó lanu, wọ́n ní, "Àkàndé, ṣé iná ti dé?"

Mo ní, "Ó ti dé, Màmá."

Wọ́n gbójú sókè sí àjà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tóò. Ọ̀sán ni, lọ pa á. Ìwọ ṣáà kórìíra kí iná máa ṣòfò."

Ẹ gbà mí o! Ṣé wọ́n mọ̀ ni? Àbí ọ̀rọ̀ lásán ni? N kò mọ̀ títí dòní. Iná kankan ò tàn nínú yàrá yẹn. Mo rìn lọ síbi ògiri, mo tẹ súwíìṣì. Tá. Wọ́n ní, "O ṣeun." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n kú. N kò jẹ́wọ́. Gílóòbù ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú ìwé ìròyìn rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹ pa iná tẹ́ ò lò, ẹ lọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó dáa, ó ń dín bíìlì kù. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó pa ti ẹlòmíì, ẹ bi í pé kí ló ń fi ṣe, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù títí á fi dá yín lóhùn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń tan iná lọ́sàn-án nílé tiyín, ṣé ẹ sì ti bi í rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá kà á. Ọ̀sán ni níbí báyìí, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi sì ń tàn.