Sítíkà tí mo lẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù Ọ̀gá Onítáìsì

Bí ẹ bá wà ní Ṣàngótẹ̀dó lówùúrọ̀, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tí owó já bọ́ lápò rẹ̀, ẹ má bá a wá nǹkan kan. Ọláyọdé Akíndàmọ́lá ni, ilẹ̀ ló ń wò. Ì báà jẹ́ báǹkì, ì báà jẹ́ ilé oúnjẹ, ibi tí wọ́n ti gé táìsì wọ́ ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà. Ọmọ Ìdànrè ni. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń fi orúnkún rìn kiri inú ilé onílé, láti Ajah títí dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tó ń tẹ́ táìsì fún àwọn kọ̀ńtírátọ̀. Bó bá tẹ́ ọ̀kan tán, á fi eegun ìka lù ú kọ́kọ́kọ́, á dẹtí sí i. Bó bá dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, á tú u, á tún un tẹ́, kódà bí ẹnì kankan ò bá sí níbẹ̀ tó máa rí i.

Yàrá kan ló háyà ní Addo, ẹ̀yìn ilé wa gan-an. Bí mo bá bá a lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń ní, "Ẹ dìde, Bọ̀ọ̀dá, mo ti dárí jì yín." Òun náà á ní, "Ìrètí, ọkùnrin tó máa fẹ́ ẹ, ojú ẹ̀ á rí nǹkan!" Báyìí la ṣe máa ń bára wa ṣeré.

Èmi àti Fúnláyọ̀ la jọ ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Bàṣírát, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì. Lọ́jọ́ Ajé kan, Bọ̀ọ̀dá Ọláyọdé wọlé wá, ó nu ẹsẹ̀ títí bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí.

"Ìrètí, mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ fẹ́ tẹ́ táìsì sí i lójú ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Àṣé ó ti pẹ́ tó ti ń wo fídíò lórí fóònù, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya inú ilé, tí onílé á fi rí bí ilẹ̀ pálọ̀ òun ṣe máa rí kí wọ́n tó tẹ́ táìsì kankan. Màdáámù Odùkọ̀yà, tí wọ́n ń kọ́ fúláàtì méjìlá ní Addo, ti ní àwọn ò ní gbéṣẹ́ fún ẹni tí kò bá lè fi ilẹ̀ náà han àwọn ṣáájú. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí i lọ́wọ́, òun ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé fún Ọláyọdé lórúkọ ara rẹ̀, láìsí kọ̀ńtírátọ̀ kankan lórí rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù méjì ló wà nílẹ̀ tó bá ohun tó ń wá mu, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan nípọn. Mo ṣàlàyé fún un.

"Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ò ní káàdì àwòrán tirẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ náà ló fi ń yàwòrán. Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀yin àti bíríkìlà jọ ń po sìmẹ́ńtì nínú páànù kan. Bí iṣẹ́ bá kéré, ẹ ò ní jà. Bó bá pọ̀, ẹnì kan á máa dúró de ẹnì kejì. Èyí tó nípọn ní káàdì tirẹ̀ lọ́tọ̀, páànù tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó máa ń gbóná, bátìrì rẹ̀ ò sì lè pẹ́ ní sáìtì tí kò síná."

Ó ronú díẹ̀. "Fúláàtì méjìlá, páànù kan ò gbé e. Èyí tó nípọn ni tèmi. Màá wá gbé e lọ́jọ́bọ̀."

Lọ́jọ́rú, ọwọ́ mi dilẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kan tó ti kú wà ní kọ̀rọ̀, sítíkà káàdì àwòrán ń dán lára rẹ̀. Àwọn oníbàárà wa kì í yẹ inú wò, sítíkà ni wọ́n máa ń kà. Mo yọ ọ́, mo fi lẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì gbé èyí tó nípọn pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Ète mi ni pé bí Bọ̀ọ̀dá bá gbé e, tó ní, "Ṣebí o ní ó wúwo?" màá ní, "Agbára yín ló ti pọ̀ sí i." Màá jẹ́ kó pariwo dáadáa, kí n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé tirẹ̀ jáde. Eré ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Lọ́jọ́bọ̀ náà, Àǹtí rán mi lọ gba ẹrù ní Ajah. Ìgbà tí mo máa fi dé, tábìlì ti ṣófo.

"Oníbàárà ẹ ti wá," ni Àǹtí wí. "Ó ní ṣé kì í ṣe èyí tó nípọn ni, mo fi sítíkà hàn án, ó sì gbé e. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ra ẹ̀pà sísè sílẹ̀ fún ẹ."

Ẹ̀pà náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó èyí tó nípọn ni Àǹtí ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí n má níṣẹ́ mọ́. Mo ní màá yà sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá nírọ̀lẹ́. Nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ tó ń súfèé nínú yàrá rẹ̀, mo ní kó di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ kan. Ojoojúmọ́ ni ẹsẹ̀ mi ń kan èyí tó nípọn lábẹ́ tábìlì.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó wá bá mi. "Ìrètí, bí mo bá ya pálọ̀ kan, ó ń lọ. Bí mo bá ti fi ìkejì kún un, á kàn dúró, á máa wò mí."

Ẹ má bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí sìmẹ́ńtì ti jẹ lórí ìka. "Òótọ́ ni. Ọwọ́ yìí ti le jù."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i lójú fèrèsé wa, tó jókòó síwájú yàrá rẹ̀, tó ń fi òrí ra ìka kọ̀ọ̀kan kó lè rọ̀, tó wá ń fi orí ìka kan ṣoṣo tẹ láptọ́ọ̀pù bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ọmọ tuntun. Mo fa kọ́tìnì.

Ọjọ́ Ẹtì ni Màdáámù Odùkọ̀yà pè é. Ní Sátidé, ó gbé láptọ́ọ̀pù wọ ṣọ́ọ̀bù nínú ọ̀rá.

"Fúláàtì àkọ́kọ́ jáde, Màdáámù ní, 'Ó mà dáa o!' Wọ́n ní kí n yí i káwọn rí kíṣìnì. Mo yí i. Ó dúró. Ojú ẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀gbọ́n Màdáámù ní, 'Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n ni, àbí òun ni ò mọ̀ yín?' Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbéṣẹ́ fún ẹlòmíì." Ó gbé ọ̀rá náà ka tábìlì. "Bá mi bẹ Àǹtí kí wọ́n gbà á padà, kí wọ́n tà á fún ẹni tó kàwé. Èmi, màá padà sẹ́yìn àwọn kọ̀ńtírátọ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe ọwọ́ yín."

"Má tù mí nínú."

"Kì í ṣe ọwọ́ yín! Kò sí káàdì kankan nínú ẹ̀. Èmi ni mo lẹ sítíkà mọ́ ọn. Mo fẹ́ fi yín ṣeré ni."

Ó ń wò mí lẹ́nu, ó ń retí ibi tí ẹ̀rín máa ti bẹ́, nítorí bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Mo kúnlẹ̀. Ìgbà náà ló tó gbà mí gbọ́.

"Ìrètí!" Àǹtí ti dìde. "O sọ mí di olè!"

Mo wọ abẹ́ tábìlì, mo gbé èyí tó nípọn jáde. Fúnláyọ̀ kó àwòrán rẹ̀ sínú rẹ̀. Fúláàtì méjèèjìlá ṣí. Bọ̀ọ̀dá yí i sí kíṣìnì, ó yí. Ó yí i sí bálùwẹ̀, ó gba àtẹ̀gùn lọ sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Kò dúró níbì kankan.

"Àṣé mo mọ̀ ọ́n," ó wí. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Nígbà tí o ní kí n máa rọra tẹ̀ ẹ́, ṣé o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Mo ní kí n bá a lọ ṣàlàyé fún Màdáámù, ó ní rárá, ó gbé èyí tó nípọn, ó lọ. Lọ́jọ́ Ajé, mo dá lọ. Màdáámù gbọ́ mi dópin, wọ́n ní àwọn tó gbaṣẹ́ ti kó yẹ̀pẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Ọláyọdé ti gba iṣẹ́ méjì lórúkọ ara rẹ̀ láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan àti ilé ìwẹ̀ ẹnì kan. Ó ń kí mi dáadáa. Lóṣù tó kọjá, ó wá ra ṣájà. Mo mú tuntun fún un nínú páálí, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó tú u, ó wá ibi tí iná wà lára ògiri wa, ó tì í bọ̀ ọ́, ó dúró títí iná kékeré ara rẹ̀ fi tàn. Mo gbé láptọ́ọ̀pù kan fún un kó fi dán an wò.

"O ṣeun, Ìrètí," ó wí, ó sì dán an wò.